Orúkọ Ikọ́

Ní Mọníyà, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Akínyẹlé, ikọ́ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ ké gbàjarè. Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí eruku ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ń sọ lálá, tọmọdé tàgbà ní í wúkọ́. Àwọn obìnrin tí ń yan gààrí ń wúkọ́ nídìí ààrò nítorí èéfín. Àwọn awakọ̀ ń wúkọ́ nínú gáréèjì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wúkọ́ nínú kíláàsì títí olùkọ́ yóò fi dákẹ́ díẹ̀ kí ariwo náà lè rọlẹ̀. Lóòótọ́, ọkọ̀ ojú-irin tuntun láti Èkó ń parí ìrìn-àjò rẹ̀ sí ìlú náà, ní ibùdókọ̀ tí a fi sọrí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, èyí tí a ṣí ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2021. Ṣùgbọ́n oko àti abúlé ló ṣì yí i ká, láti inú àwọn abúlé wọ̀nyí sì ni àwọn ìyá ti ń gun ọ̀kadà wá, tí wọ́n pọn ọmọ sẹ́yìn, tí wọ́n sì ń sọ gbólóhùn kan náà fún nọ́ọ̀sì: "Ikọ́ ni."

Gbólóhùn kúkúrú ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó gbé lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ kò kéré. Ikọ́ wo ni? Ṣé èyí tí yóò lọ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni, àbí èyí tí yóò pa ọmọ kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́?

Obìnrin kan wà ní ilé ìtọ́jú kékeré kan ní agbègbè náà, tí àwọn ará àdúgbò ń pè ní Ìyá Nọ́ọ̀sì. Ọdún 1998 ni ó gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ nígbà náà nípa ẹ̀dọ̀fóró, ó mọ̀ ọ́n ní àmọ̀dunjú. Ó mọ̀ pé kí ènìyàn tó mọ̀ bóyá àìsàn ti wọ ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tí ń wúkọ́, ó ní láti ká èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kí ọmọ náà sì wà ní ìdákẹ́jẹ́, kí ó má máa sunkún. Bí ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì bá mí tó ìgbà 60, tàbí ọmọ tí ó ti pé oṣù méjì tí kò tíì pé ọdún kan bá mí tó ìgbà 50, tàbí ọmọ tí ó ti pé ọdún kan tí kò tíì pé márùn-ún bá mí tó ìgbà 40, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ikọ́ lásán. Ẹ̀kọ́ yìí kò nílò ẹ̀rọ kankan ju aago ọwọ́ lọ. Títí di òní, kò sí ohun tí ó yẹ̀ nínú rẹ̀.

Ohun tí ó yẹ̀ ni èyí tí a ó ṣe lẹ́yìn kíkà. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tí ó wà ní Mọníyà, tí èrò kún iwájú rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, yóò ṣe mọ̀ pé ìmọ̀ òun ti di ti àná?

Àwọn tí ó ṣe òfin iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti ro èyí. Lọ́dún mẹ́ta-mẹ́ta ni nọ́ọ̀sì ní láti sọ ìwé àṣẹ rẹ̀ dọ̀tun, kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìfi ẹ̀rí hàn pé òun ti lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àtìgbàdégbà. Ìyá Nọ́ọ̀sì kì í fi ìdùnnú lọ. Owó ń jáde lápò, àwọn aláìsàn ń dúró nílé, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó jókòó sínú irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀ ló wá fún ìmọ̀. Àwọn mìíràn wà tí ó jẹ́ pé ìwé-ẹ̀rí àti oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n bá wá. Ní ìparí ọdún 2021, àyè kan ṣí sílẹ̀ nílùú Ìbàdàn fún ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta lórí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró. Ó wọ mọ́tò ní Mọníyà, ó gba Ọ̀jọ́ọ̀, ó gba Sango, ó gba Mọ́kọ́lá, ó ń ráhùn ní gbogbo ọ̀nà.

Ọjọ́ kìíní kò tíì pé ìdajì tí ìráhùn náà fi dópin. Dókítà tí ń kọ́ wọn bèèrè oògùn tí wọ́n ń fún ọmọ tí èémí rẹ̀ ń yára. Ohùn tí ó pọ̀ jù nínú gbọ̀ngàn náà ni ó dáhùn pé Septrin. Dókítà náà mi orí. Ó ní àjọ ìlera àgbáyé ti fi amoxicillin rọ́pò rẹ̀, àti pé láti ọdún 2014 ni àjọ náà ti sọ pé ọmọ tí àyà rẹ̀ ń jìn wọnú bí ó bá ń mí pàápàá lè gba oògùn yìí nílé, bí ó bá ṣáà lè mumi, tí kò dákú, tí kò gbọ̀n gìrì, tí àmì ewu mìíràn kò sì sí lára rẹ̀. Ìyá Nọ́ọ̀sì rántí iye ìyá tí òun ti lé lọ sí ìgboro pẹ̀lú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tí wọn kò rí owó mọ́tò, tí wọ́n sì padà sábúlé láìgba oògùn kankan.

Ní ti ikọ́ ẹ̀gbẹ, wọ́n sọ fún wọn pé láti ọdún 2010 ni a ti ní kí ìtọ́jú olóṣù mẹ́jọ fi àyè sílẹ̀ fún olóṣù mẹ́fà; àti pé abẹ́rẹ́ streptomycin tí a ń gún fún ẹni tí àìsàn náà bá padà ṣe ni a ní kí a yé lò báyìí láti ọdún 2017, nítorí pé ohun tí ó yẹ ni kí a kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò bóyá oògùn kò ran kòkòrò náà mọ́. Ní ti àìsàn tí í máa ń sé èémí mọ́ ènìyàn láyà, ìyípadà ibẹ̀ ló ya gbogbo wọn lẹ́nu jù. Inhélà aláwọ̀ búlúù tí gbogbo ayé mọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tú iṣan tí ó fún ọ̀nà èémí pọ̀. Kì í wo ara inú ọ̀nà èémí tí ó wú sàn. Aláìsàn yóò fà á símú, ara yóò tù ú, ìwúlé inú lọ́hùn-ún yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ títí di ọjọ́ tí búlúù náà kò ní lè ṣe nǹkan mọ́. Ìdí nìyí tí ìgbìmọ̀ àgbáyé lórí àìsàn náà fi kéde ní ọdún 2019 pé kí a má ṣe fi oògùn olójú búlúù nìkan tọ́jú àgbà tàbí ọ̀dọ́langba mọ́. Oògùn tí ń wo ìwúlé sàn gbọ́dọ̀ bá a rìn. Ó ṣe ni láàánú pé ìmọ̀ kò lè ra oògùn. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ GlaxoSmithKline kéde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023 pé àwọn ń kógbá sílé ní Nàìjíríà, oògùn fífà símú di ọ̀wọ́n gógó, àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ èyí tí ó yẹ kí aláìsàn lò sì di ẹni tí kò rí i kọ fún un.

Ẹ̀kọ́ kan wà tí kò gbówó lérí. Heather Zar àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà fi hàn ní ọdún 1999 pé ike omi onílítà ààbọ̀, tí a gbẹ́ ihò sí ìdí rẹ̀ tí a sì ki ẹnu inhélà bọ̀ ọ́, tí a dí àlàfo rẹ̀ pinpin, lè ṣe iṣẹ́ kan náà fún ọmọdé tí èémí rẹ̀ sé bí ohun èlò olówó gọbọi tí a ń rà fún iṣẹ́ náà. Àwọn nọ́ọ̀sì àgbààgbà jókòó sílẹ̀, wọ́n ń fi irin gbígbóná lu ike bí ọmọ iléèwé tí ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ̀rín pọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ kejì ni wọ́n gbé ẹ̀rọ kékeré kan jáde tí ó dàbí ìdè tí a fi ń sá aṣọ. A ó fi há ìka ọmọ, iná pupa yóò tàn nínú rẹ̀, nọ́ńbà yóò sì yọ. Ará Japan kan, Takuo Aoyagi, ló ronú kan ọgbọ́n yìí ní ọdún 1974: ẹ̀jẹ̀ tí ó gbé ọ́síjìn àti èyí tí kò gbé e kì í gba ìmọ́lẹ̀ bákan náà, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ tí ó bá la ìka kọjá lè sọ iye ọ́síjìn tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Bí nọ́ńbà náà bá wálẹ̀ ju 90 lọ, ọmọ náà ń fẹ́ ọ́síjìn kíákíá. Ojú lásán kì í tètè rí i. Àwọ̀ ara tí ń yí padà, tí ìwé fi ń júwe ọmọ tí ọ́síjìn kò tó lára rẹ̀, ṣòro púpọ̀ láti rí lára adúláwọ̀ títí ọ̀rọ̀ yóò fi bọ́ sórí.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè lásán nìyí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégòkè Fáladé ti ilé ìwòsàn ńlá UCH ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn tí a ṣí ní ọdún 1957, àti Hamish Graham láti Melbourne ní Australia, pẹ̀lú àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn, gbé irú iṣẹ́ yìí lọ sí ilé ìwòsàn 12 ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Ọdún 2019 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ tí a ń fi ẹ̀rọ náà wò kò tó nǹkan. Nígbà tí wọ́n pèsè ẹ̀rọ, tí wọ́n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, tí wọ́n sì ń padà lọ wò bí iṣẹ́ ti ń lọ sí, èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ tí a dá dúró ni a ń fi í wò. Ohun tí ó yẹ kí a fi ọkàn sí níbẹ̀ ni pípadà lọ wò yẹn. Ẹ̀rọ tí a gbé kalẹ̀ tí a kò kọ́ ẹnikẹ́ni, inú àpótí ní í gbé.

Ìyá Nọ́ọ̀sì padà sí Mọníyà pẹ̀lú ẹ̀rọ kan nínú àpò, ike mẹ́ta tí a ti lu, àti ìwé àkọsílẹ̀ tí ó kún fún èdè Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ wọn láti àárọ̀ títí di alẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Kò sì sí ẹni tí ó rò ó pé ohun kan kù.

Nínú oṣù Kìíní ọdún 2022, ìyá àgbà kan gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá láti abúlé kan. Oṣù mẹ́rìnlá ni ọmọ náà. Ìyá Nọ́ọ̀sì ká èémí rẹ̀: 52. Àyà rẹ̀ kò jìn, ó ń mu omi, ẹ̀rọ náà sọ pé 94. Gbogbo rẹ̀ rí gan-an bí wọ́n ti kọ́ ọ. Ó fún ìyá àgbà náà ní amoxicillin, ó sì fi bí wọn yóò ṣe máa yọ́ ọ nínú omi hàn án. Ìyá àgbà bèèrè orúkọ àìsàn náà.

"Òtútù àyà ni, Màmá."

"Mo mọ̀! Mo ti ń sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ pé kì í daṣọ bo ọmọ. Ẹ ṣé o, Nọ́ọ̀sì."

Wọ́n yọ̀ fún ara wọn. Orúkọ náà ti yé ìyá àgbà. Kí ni nọ́ọ̀sì tún ń fẹ́?

Ní ọjọ́ kẹta ni wọ́n padà. Ojú ọmọ ti rọ̀, ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀ bí ó bá ń mí, abẹ́ ìhà rẹ̀ ń jìn wọnú. Ẹ̀rọ náà sọ pé 86. Bí Ìyá Nọ́ọ̀sì ti ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ sí ibi tí ọ́síjìn wà, bẹ́ẹ̀ ló ń bèèrè bí wọ́n ti lo oògùn. Wọ́n lò ó, kò sí ìgbà kan tí wọ́n gbàgbé. Òórùn tí ó ń jáde lára aṣọ ọmọ ni ó jẹ́ kí ó bi ìyá àgbà léèrè ohun mìíràn tí wọ́n ṣe.

"Èédú ni mo dá sínú ìkòkò, tí mo gbé e sí ẹ̀bá ibùsùn rẹ̀. Mo ti fèrèsé pa, mo sì ki aṣọ bọ abẹ́ ìlẹ̀kùn, kí òtútù náà lè jáde lára rẹ̀. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ sọ pé òtútù ni?"

Kò sí ẹni tí ó lè fi gbogbo ẹnu sọ pé èéfín yẹn nìkan ló sọ àìsàn ọmọ náà di ńlá. Nígbà mìíràn oògùn a máa pẹ́ kí ó tó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé èéfín inú ilé jẹ́ ọ̀tá ẹ̀dọ̀fóró ọmọdé, òru méjì gbáko ni ọmọ yìí sì fi mí i sínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀. Wọ́n fi ọ́síjìn sí i nímú ní ìgboro, ó sì padà sílé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà. Ìyá Nọ́ọ̀sì bá wọn lọ, ó bá wọn bọ̀. Nínú mọ́tò, ìbéèrè ìyá àgbà náà kò kúrò létí rẹ̀.

Ìyá àgbà kò ṣẹ̀. Orúkọ tí a pe àìsàn náà fún un ló lò, ìtọ́jú tí orúkọ náà sì ń kọ́ni ni ó ṣe. Ẹni tí òtútù bá mú, iná ni a ń dá fún un. Ta ni kò mọ̀? Kòkòrò àìsàn tí ó wọ ẹ̀dọ̀fóró, àwọn àpò kéékèèké inú rẹ̀ tí omi àti ọyún kún níbi tí ó yẹ kí afẹ́fẹ́ wà, kò sí èyíkéyìí nínú wọn nínú "òtútù àyà". Bẹ́ẹ̀ gbogbo rẹ̀ ni dókítà fi àwòrán hàn wọ́n ní Ìbàdàn. Ìmọ̀ náà rìn láti ilẹ̀ òkèèrè dé UCH, láti ìgboro dé Mọníyà, ó wá kọsẹ̀ níwájú ilé.

Bí ènìyàn bá sì fara balẹ̀ wo orúkọ àwọn ikọ́ yòókù, òun náà yóò rí ibi tí ẹsẹ̀ ti lè kọ. Ikọ́ ẹ̀gbẹ kò ṣòroó yé: gbígbẹ tí ara aláìsàn ń gbẹ ni a fi sọ ọ́ lórúkọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ìgbà kan ti ń pè é ní àìsàn ajẹnirun, kí Robert Koch tó kéde ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1882 pé òun ti rí kòkòrò tí ń fà á. Ṣùgbọ́n "ikọ́ fée" ńkọ́? Lẹ́nu àwọn kan, àìsàn tí ń sé èémí ni, èyí tí kì í ran ẹlòmíràn. Lẹ́nu àwọn mìíràn, ikọ́ ẹ̀gbẹ gan-an ni, èyí tí ń ràn. "Ikọ́ ife" sì tún wà nílẹ̀ tí ìró rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba. Ọmọbìnrin kan wà ní iléèwé girama ní agbègbè náà tí wọ́n ti fún ní inhélà, tí wọ́n sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé ikọ́ fée ló ń ṣe é. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ya ife rẹ̀ sọ́tọ̀ nílé, tí àwọn àbúrò rẹ̀ kò sì bá a sùn lórí ẹní kan náà mọ́. Oògùn rẹ̀ tọ̀nà. Orúkọ ni kò tọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni "ikọ́ sémìísémìí" ti wà nínú èdè láti ọjọ́ tó ti pẹ́, tí kò sì ní àṣìgbọ́ nínú rárá. Ohun kan náà ni ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò wí: àwọn Gíríkì ni wọ́n ti yá a, mímí hẹlẹhẹlẹ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pe sémìísémìí kò rí ìwé àwọn Gíríkì. Ojú rẹ̀ ló fi rí aláìsàn.

Àwọn onímọ̀ èdè kò ṣàì ṣe irú iṣẹ́ yìí rí. Láti ọdún 1970 ni iṣẹ́ ìwádìí tí Fáfúnwá darí ní Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́, tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wà lára wọn. Ní ọdún 1984 ni ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ jáde, akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra ìdánwò lónìí sì mọ fáwẹ̀lì àti kọ́ńsónáǹtì, ó mọ àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ àti ìfohunpènìyàn. Ọ̀rọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni ìwé náà dá lé. Ẹ̀dọ̀fóró kò sí níbẹ̀, kò sì sí ìdí tí ó fi yẹ kí ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibo ló wà? Àwọn nọ́ọ̀sì ń lọ sẹ́kọ̀ọ́ lọ́dún mẹ́ta-mẹ́ta. Kò sí olùkọ́ Yorùbá kankan tí a pè sínú gbọ̀ngàn ọlọ́jọ́ mẹ́ta yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò jọ pé olùkọ́ Yorùbá kankan bèèrè pé kí wọ́n pe òun.

Ìyá Nọ́ọ̀sì ra ìwé olójú ewé 60 kan. Ó fa ìlà sí àárín ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ó kọ Gẹ̀ẹ́sì sí ọwọ́ òsì, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún sílẹ̀. Bí aláìsàn tàbí ìyá aláìsàn bá ti sọ ohun tí ó dára, a kọ ọ́ síbẹ̀. Ìyá àgbà ọjọ́sí ni ó kọ́kọ́ ràn án lọ́wọ́, nígbà tí ó gbé ọmọ wá fún àtúnyẹ̀wò. Ìyá Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ kí i, ó sì tún gbogbo àlàyé náà ṣe láìdárúkọ òtútù: kòkòrò, ẹ̀dọ̀fóró, omi níbi tí afẹ́fẹ́ yẹ kí ó wà. Ìyá àgbà gbọ́ ọ tán, ó ronú díẹ̀.

"Ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ló kún, kẹ̀. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò ti sọ bẹ́ẹ̀ níjọ́ kìíní? Ta ló ń dáná fún ohun tó kún?"

"Ẹ̀dọ̀fóró kíkún" ni ó wà lókè ojú ewé kìíní títí di ìsinsìnyí. Sémìísémìí wà nísàlẹ̀ rẹ̀, a sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rọ tí a ń fi há ọmọ níka, àwọn ìyá abúlé fúnra wọn ló sọ ọ́ ní "ajẹ́rìí-èémí". Iwájú ọ́síjìn kò tíì ní nǹkan kan. Wọ́n ti dábàá afẹ́fẹ́ ẹ̀mí, dáyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì kò gbà, ó ní ọ̀rọ̀ Ìwé Mímọ́ ni. Ẹnìkan dábàá afẹ́fẹ́ ìyè, èyí sì tún dàbí orúkọ omi inú ọ̀rá. Nígbà tí àkókò àtisọ ìwé àṣẹ dọ̀tun tún kò, ó gbé ìwé náà dání lọ sí Ìbàdàn. Bí dókítà ti bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè, ó nawọ́, ó dìde, ó sì bèèrè ohun tí wọn yóò máa pe ọ́síjìn fún àwọn ará Mọníyà. Ọmọ Ìbàdàn ni dókítà náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ya ẹnu láti dáhùn, ó tún pa á dé. Nígbà náà ni àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, wọn kò sì jáde fún oúnjẹ ọ̀sán títí aago mẹ́ta fi lù.